Ẹ Jẹ́ Kí Odó Máa Gún Iyán: Ọ̀rọ̀ Lórí Àpótí Àtẹ̀gùn Onígi

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìdá. Kì í sì í ṣe ti àwọn tó yá owó ẹgbẹ́, tí wọ́n wá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá bí wọ́n bá rí akápò lọ́ọ̀ọ́kán. Tiwọn ń bọ̀. Ohun tí à ń gùn nínú ilé àti nínú ìsọ̀ wa, nígbà tí ọwọ́ wa kò bá tó òkè, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ wo ohun tí à ń gùn ná. Bí ìyá ilé bá fẹ́ mú ìkòkò tó wà lókè pẹpẹ, odó ni yóò dojú rẹ̀ dé, yóò sì gorí rẹ̀. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ mú mílíìkì tó wà lórí pákó tó ga jù, páálí ọṣẹ ni yóò tò lé páálí, tàbí kí ó gbé kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lé ara wọn. Bí baba bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù iná, àga ìjẹun ni yóò fà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì láti ọdún mẹ́ta. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé ọmọ lé èjìká. Àwa ará Èkìtì, tí iyán, tàbí uyán bí ahọ́n wa ṣe ń pè é, kì í wọ́n nílé wa, ta ni nínú wa tí kò ní odó? Nítorí náà odó ni àkàbà tó wọ́pọ̀ jù láàrin wa. Ó sì ń pa wá lẹ́rìn-ín pé ìyá tó ń jágbe mọ́ ọmọ láàárọ̀ pé èèwọ̀ ni, a kì í jókòó lórí odó, òun náà ni yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí ìdí odó kan náà nírọ̀lẹ́.

A kò gbẹ́ odó fún gígùn. Bí a bá dojú rẹ̀ dé, ìdí tó kọjú sókè kì í fẹ̀ tó láti gba ẹsẹ̀ méjì dáadáa, etí rẹ̀ tí ọmọ odó ti gé jẹ kì í sì í fi gbogbo ara kan ilẹ̀. Páálí ọṣẹ ńkọ́? Bébà ni. Ọṣẹ inú rẹ̀ ló ń gbé e ró. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti tà lára ọṣẹ inú èyí tó wà nísàlẹ̀ láìsọ fún ẹni tó fẹ́ gùn ún, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rí fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta èlò ọbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, kí a má ṣáà dárúkọ òun. Ó ṣubú láti orí páálí méjì péré, ibi tí kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Ọwọ́ ni ó fi gba ilẹ̀, ọrùn-ọwọ́ sì kán. Ọ̀sẹ̀ méje ni ìsọ̀ fi wà ní títì. Tòmátì tó wà nílẹ̀ rà, àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, àwọn kan kò sì padà mọ́. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò dúró dè é kí ọwọ́ rẹ̀ san. Oṣù méjì gbáko ni àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì fi san án. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún ara yín, tí ẹ máa ń bèèrè pé ṣé ẹni yìí kì í mutí, ṣé kò ní gbèsè níbòmíràn, ẹ ò ì tíì bèèrè rí pé kí ni ó ń gùn mú ọjà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin kan ṣoṣo la sọ di ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé, àti pé nínú gbogbo jàm̀bá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ fà, jàm̀bá ojú ọ̀nà nìkan ló ń pa ènìyàn ju ìṣubú lọ. Àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ni ikú yìí ń mú jù. Ẹ ka orí ara yín nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, kí ẹ wo iye tó ti lé ní 60. Àwọn ọmọ ti lọ sí Adó, sí Èkó, sí òkè òkun. Bàbá àti ìyá ló kù nílé pẹ̀lú odó.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé kò sí àṣejù nínú àbá tí wọ́n mú wá sí ìpàdé, pé kí ẹgbẹ́ ra àpótí àtẹ̀gùn onígi tó ṣé é ká fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́, kí wọ́n sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àpótí tí à ń wí ni èyí tó ní àtẹ̀gùn méjì, tí ènìyàn lè jókòó lé, tí ó lè gùn, tí ó bá sì ṣe tán, kí ó ká a pọ̀, kí ó fi ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ibi tí a ti yapa pẹ̀lú àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ni èyí tó yẹ kí a rà. Àwọn kan ti bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ nílùú ńlá, wọ́n sì gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ kan wá. Ó dán. Ó fúyẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwa kò pàtẹ́wọ́, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ àpótí. Ní Èfọ̀n-Aláàyè níbí, Agbọ́nbíọ̀fẹ́ ti ìdílé Adéṣínà, tó kú ní 1945, gbẹ́ òpó fún ààfin Aláàyè, títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń dárúkọ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ hàn ní ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Láti inú ìtì igi kan ṣoṣo ni irú àwọn àgbà yẹn ti ń gbẹ́ iṣẹ́ wọn jáde, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àpótí àtijọ́ tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń jókòó nídìí ààrò. Kò ní ìṣó, kò ní àtè, kò ní oríkèé. Kí ni yóò yẹ̀ lára rẹ̀? Ikán nìkan ló lè bá a jà. Ṣùgbọ́n kò ṣé é ká, ó wúwo, àtẹ̀gùn kan péré ló sì jẹ́.

Nígbà tí a bá ti ní kí igi máa ká, a ti gé e sí wẹ́wẹ́ nìyẹn, a sì ti fi oríkèé so ó pọ̀. Lójú oríkèé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn òyìnbó pàápàá pẹ́ lórí rẹ̀. Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣe ìwádìí lórí mànàmáná, ní àga kan nínú yàrá ìwé rẹ̀ tí ìjókòó rẹ̀ ń ṣí di àtẹ̀gùn, kí ó lè mú ìwé tó wà lókè. Ní 1862 ni káfíńtà kan nílùú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, John Balsley, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí àkàbà tó ṣé é ká, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó, dípò igi róbótó tó máa ń dun àtẹ́lẹsẹ̀. Káfíńtà ni o, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tí káfíńtà Dayton ṣe nígbà náà, káfíńtà Aramọkọ lè ṣe é lónìí bí a bá sọ ohun tí a fẹ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí èyí tó ń dán yẹn. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń yìn ín, a gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Arere ni igi rẹ̀, wọ́n kàn fi ọ̀dà aláwọ̀ ìrókò kùn ún ni. Arere kì í ṣe igi burúkú. Ó dára fún àjà, ó dára fún páálí òkú, ó dára fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní dúró lé. Ṣùgbọ́n bí a bá gé igi ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan ní gíga, ìrókò gbígbẹ yóò wọn nǹkan bí 650 kílò, apá yóò tó nǹkan bí 800, arere kò sì ní ju nǹkan bí 380 lọ. Igi tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ̀. Èékánná lásán ń fi àmì sí i lára. Sukúrù kì í dì í mú pẹ́, nígbà tí a bá sì ti ń ká a, tí a ń tú u lójoojúmọ́, ihò sukúrù yóò máa fẹ̀ títí yóò fi tú dànù. Ẹ fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí ọ̀dà kò dé, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ yí ọjà òun padà wo ìdí rẹ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Igi wo ni kí a wá? Ìrókò dára, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń tán nínú igbó, owó rẹ̀ sì ti kọjá ohun tí à ń sọ yìí. Apá le ju ìrókò lọ, ó wúwo fún ìyá àgbà láti gbé kiri. Lójú tiwa, tíìkì ló yẹ. Ìjọba ti ń gbìn ín sínú igbó ọba láti ayé òyìnbó, ní Ọlọ́kẹ́mejì àti níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ń jáde ní ilé ayùn. Inú rẹ̀ ní òróró tí ikán kì í fẹ́ràn. Àmọ́ kí ẹ ṣọ́ra: àárín igi tó pupa rẹ́súrẹ́sú la ní kí ẹ rà. Ara funfun tó wà létí, lábẹ́ èèpo, oúnjẹ kòkòrò ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ara tíìkì. Káfíńtà tó bá fi ara funfun ṣe ẹsẹ̀ àpótí fún yín ti rẹ́ yín jẹ, àní bí ó bá búra pé tíìkì ni.

Gbígbẹ igi ló tún kù, ibẹ̀ sì ni a ti fẹ́ kí àwọn olókoòwò kòkó inú wa bá wa dá sí i. Ẹ̀yin mọ kòkó tútù. Ẹ máa ń ki ọwọ́ bọ inú àpò, ẹ máa ń fún un, ẹ máa ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Bí kò bá dún wórowóro, ẹ ò ní rà á, nítorí ẹ mọ̀ pé omi lẹ fẹ́ san owó lé lórí, àti pé aṣàyẹ̀wò yóò dá a padà. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ra pákó tútù? Pákó tó ti ilé ayùn dé lánàá nígbà òjò kún fún omi. Bí káfíńtà bá kàn án nínú oṣù Ògọ́sítì, yóò le gírígírí lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé ní Dìsẹ́ḿbà. Igi yóò sún kì, ahọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú ihò rẹ̀, ẹsẹ̀ kan yóò sì lọ́. Àwọn àgbà oníṣẹ́ igi ní òṣùwọ̀n kan: ọdún kan ní iboji fún pákó tó nípọn ní íǹṣì kan. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó gbẹ, ẹ gbé pákó náà sórí òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn kòkó, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ti dín sí i, omi ṣì ń jáde lára rẹ̀, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn án. Òṣùwọ̀n wa kan náà ni, pákó la kàn gbé kà á.

Nípa ti oríkèé, ohun tí a ní í sọ kò pọ̀. Kí a gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀, kí a ki ahọ́n igi tó gbé àtẹ̀gùn bọ̀ ọ́, kí a fi àtè sí i. Ìṣó nìkan kò tó. Ìṣó ń fà jáde díẹ̀díẹ̀ bí igi ṣe ń wú tí ó ń sún kì, ẹ ó sì rí orí rẹ̀ tí yóò yọ bí eyín ọmọdé. Níbi tí àpótí ti ń ká, bóòtù tó gba inú igi méjèèjì já, tí ó ní wọ́ṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, sàn ju hínjì kékeré tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó ń dá a dúró nígbà tí a bá ṣí i sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n tàbí okùn ni ọ̀pọ̀ ń fi sí i. A kò fẹ́ okùn. Okùn a máa já, ẹ̀wọ̀n a sì máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ sún sẹ́yìn kí ó tó mú un. Ìgànná igi tàbí irin tó ń bọ́ sójú ihò rẹ̀ kó-ó, tí etí ènìyàn ń gbọ́, ni kí ẹ bèèrè. Èyí tó tún dára jù lọ ni èyí tí wọ́n ṣe tó jẹ́ pé bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó ń ṣí sí i, tí kò lè ká mọ́ ẹni tó dúró lé e. Ẹ ti ọwọ́ bọ ibi tó ń ká, kí ẹ wò ó bóyá ìka ọmọdé lè há síbẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, káfíńtà ni ẹ ó sọ ọ́ fún, kí ó má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Àtẹ̀gùn kìíní kí ó ga ní íǹṣì mẹ́sàn-án, èkejì kí ó ga ní méjìdínlógún. Ẹni tí èyí kò bá tó, àkàbà ló ń wá, kì í ṣe àpótí. Àtẹ̀gùn kí ó gba gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, èyí ni pé kí ó tó íǹṣì mẹ́wàá láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é ní mẹ́fà kí pákó má bàa tán, ènìyàn á wá máa dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ẹyẹ. Ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, ẹsẹ̀ kí ó yà díẹ̀ síta. Kí igi ẹsẹ̀ má ní ojú kókó, kí ìlà ara rẹ̀ sì lọ tààrà láti òkè délẹ̀, nítorí ibi tí ìlà igi bá ti gba ẹ̀gbẹ́ jáde ni yóò ti ṣẹ́. Lábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé táyà àlòkù kàn án. Sìmẹ́ǹtì ilé wa tí a ti fi ìpara pupa dán, pàápàá bí omi bá ta sí i, yọ̀ ju ẹja àrọ̀ lọ.

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí fún irú àpótí yìí, EN 14183 ni nọ́ńbà rẹ̀, sọ pé ó gbọ́dọ̀ lè gba 150 kílò. Ṣé a ó wá ẹ̀rọ òyìnbó kiri ni? Rárá. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò. Ẹ to mẹ́ta sórí àtẹ̀gùn òkè níwájú káfíńtà, kí ẹ máa bá a tàkúrọ̀sọ fún ìdajì wákàtí. Bí ẹ bá gbé e kúrò, ẹ tún àpótí ká, ẹ tún un ṣí, ẹ mì í. Bí ó bá ń ké, bí ẹsẹ̀ kan bá ń jó, kí káfíńtà mú un wọlé padà. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí. Ẹni tó bá bínú ti fi ara rẹ̀ hàn.

Àwọn kan yóò ní ṣé ẹ kò rí ike àti irin fúyẹ́fúyẹ́ ni? A rí wọn. A kò bá wọn jà. Irin fúyẹ́fúyẹ́ tó dára, tí wọ́n ṣe dáadáa, ń ṣiṣẹ́ pẹ́, bí ẹnìkan bá ní in, kí ó máa lò ó lọ. Ike ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, nítorí oòrùn iwájú ìsọ̀ wa. Ike tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn a máa gbẹ, a sì fọ́ lójijì láìké, láìmì, láìkìlọ̀. Igi kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Igi yóò ké kí ó tó ṣẹ́. Ohun mìíràn tún ni pé bí ẹsẹ̀ igi bá yẹ̀, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà ní àdúgbò. Ta ni ẹ fẹ́ gbé ike fún?

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù ní ìpàdé ni ti ọkùnrin tó dìde pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sí fún ọ̀rọ̀ àpótí, pé owó ni kí á jọ máa sọ. Kí ó máa jẹ́ kí a rán an létí. Àwọn 28 tó bẹ̀rẹ̀ irú ẹgbẹ́ wa ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Dìsẹ́ḿbà 1844, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà ootù àti àbẹ́là ni wọ́n kó sí i. Kò sí góòlù níbẹ̀. Ohun tó bí wọn nínú ni pé àwọn oníṣòwò ń da àdàlù sínú ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ. Ọjà tó jẹ́ ojúlówó, ní ìwọ̀n tó pé, ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nílẹ̀ tiwa náà, kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó jáde ní 1935, lẹ́yìn ìròyìn tí Ọ̀gbẹ́ni Strickland kọ fún ìjọba ní 1934, àwọn àgbẹ̀ kòkó ti ń kó ara wọn jọ kí wọ́n lè jọ pò ó, kí wọ́n jọ sá a, kí kòkó wọn lè mọ́ ju ti ẹni tó ń dá tà, kí owó rẹ̀ sì lè ju tirẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i? Arere tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ìrókò, àdàlù ni. Bí ẹgbẹ́ bá fi owó ọmọ ẹgbẹ́ ra àdàlù, tó sì pín in ní àwìn fún àwọn ìyá àgbà, a ti di ohun tí àwọn ará Rochdale sá fún.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó náà, níwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin yẹn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní èyí tó ń dán yẹn jẹ́ ìdajì owó ti tíìkì. Bí ó bá lo ọdún méjì kí sukúrù tó tú, tí ti tíìkì sì lo ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ẹ ó ra èyí tó pọ́ọ́kú kí ti tíìkì tó gbó. Ìdajì lọ́nà márùn-ún, ìlọ́po méjì àbọ̀ nìyẹn. A kò tíì ka ọrùn-ọwọ́ sí i o. A kò sì tíì ka owó ọkọ̀ láti ìlú ńlá gba Iléṣà gba Ìtawùrẹ́ wá síbí, láìgbàgbé pé bí wọ́n bá fi ẹrù ránṣẹ́ sí Ìdó láìfi Ilé kún un, Ìdó-Fàbòrò ni a ó ti lọ tọrọ rẹ̀.

Àbá tiwa nìyí. Kí ẹgbẹ́ má ra ẹyọ kan lára èyí tó ń dán. Kí ìgbìmọ̀ yan káfíńtà méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan ní Aramọkọ tàbí Èfọ̀n, kí wọ́n kọ ìwọ̀n tí a kà sókè yìí sílẹ̀ lórí bébà, kí oníkálukú wọn ṣe ẹyọ kan wá. Kí a gbé sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lé méjèèjì ní gbangba ìpàdé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró, òun ni kí a fún níṣẹ́. Kí a san ìdámẹ́ta owó fún pákó, kí akọ̀wé lọ wo pákó náà lórí òṣùwọ̀n kí a tó san ìdámẹ́ta kejì, kí ìyókù sì dúró títí ọyẹ́ yóò fi fẹ́ kọjá lára àpótí náà. Ẹ̀yìn ọyẹ́ nìkan la fi ń mọ igi tó gbẹ. Àwọn káfíńtà yóò kùn sí ìdámẹ́ta tó kẹ́yìn yìí, a mọ̀, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ wa ló máa jẹ́ kí wọ́n dá wa lóhùn ní Fẹ́búárì.

Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti lé ní 60 ọdún kọ́kọ́ gba tiwọn, kí a sì bá wọn fi igi ìdìmú kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ga dé ìbàdí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ní ìsọ̀. Àwa ọ̀dọ́ lè dúró. Títí ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan lókè, kí ó kó ohun tó ń lò lójoojúmọ́ wá sísàlẹ̀, kí ó sì fi èyí tí kì í lò sókè. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ àpótí, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n sì kọ gíga pákó òkè ìsọ̀ tàbí pẹpẹ ilé wọn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó fi okùn wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, kí ó ta kókó sí i, kí ó mú okùn náà dání wá.